Igba Àgbọ̀nrín Inú Ìwé

Èmi ni mo sọ igbó wa di ibi tí igba àgbọ̀nrín ń gbé. Bírò lásán ni mo fi ṣe é.

Ọdún tí wọ́n gbà mí ṣe aṣọ́gbó, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rin igbó náà já, mo ka ogójì. Lọ́dún kejì, mo ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí àwọn ọdẹ kò sinmi, ọ̀pá lásán ló sì wà lọ́wọ́ èmi. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì dá ìwé tí mo kọ iye wọn sí padà.

Ó ní, "Ìjọba ń náwó, ẹran ń dín kù? Bàbá, ẹ lọ tún un kà dáadáa."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, mo tún un kà dáadáa: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí ọdún bá ti yí, màá ṣí ìwé ti èṣí, màá fi díẹ̀ lé e. Ìyàwó mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baálé mi, àgbọ̀nrín èṣí lẹ tún ń jẹ lọ́bẹ̀ o."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ó kúkú ń yó wa.

Lọ́dún kọkànlá, ó pé igba. Ni lẹ́tà ìjọba bá dé. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ní níwọ̀n bí ẹran ti pọ̀ tó báyìí, igbó náà kò nílò ààbò mọ́. Àwọn agégi yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé. Èmi náà, kí n lọ sinmi.

Ara bù mí máṣọ. Mo ki bàtà bọ ẹsẹ̀, mo wọgbó fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mẹ́fà ni mo rí. Ọ̀kan nínú wọn, abo kan tí etí rẹ̀ ya, ti mọ̀ mí láti kékeré. Kò tilẹ̀ sá. Ojú tì mí níwájú ẹran.

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa. Mẹ́fà péré ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé igbó yẹn."

Ọ̀gá dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Mẹ́fà?"

"Mẹ́fà, sà."

"Bàbá, tó bá jẹ́ igba ni, wọn ò nílò yín mọ́. Tó bá jẹ́ mẹ́fà ni, kí lẹ wá fẹ́ máa ṣọ́?" Ó nawọ́ sí àpótí aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Àti pé igba yẹn ti dé òkè òkun. Òun ni wọ́n ṣe ní kí n wá gba àmì-ẹ̀yẹ. Lọ́la ni mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi bá a lóòótọ́, àmọ́ ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù bàálù.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn agégi gbé ẹ̀rọ wọn dé. Mo dúró létí títì pẹ̀lú ìwé àti bírò mi. Bí igi àkọ́kọ́ ti wó, àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í já síta. Mo kà wọ́n títí wọ́n fi pé márùn-ún. Mo dúró de elétí yíya títí àwọn agégi fi jẹun ọ̀sán tán, tí wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ márùn-ún sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Láti ọdún kejì, òtítọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé náà nìyẹn, kò sì sí ọ́fíìsì tí màá fi í ránṣẹ́ sí.