Ìka Tó Ń Kọ̀wé sí Mi Lẹ́yìn

Àlàó ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín. Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ara mi ò sì tíì balẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn tí a ti ń gbẹ̀kọ́ ní yunifásítì láyé àtijọ́ ni mo wà, àmọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló kún ibẹ̀, yanrìn ló sì wà nílẹ̀. Wọ́n ń ṣe eré tí Àdùkẹ́, ìyàwó mi olóògbé, fi máa ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ. Ọmọ kan á fi ìka kọ lẹ́tà sí ẹ̀yìn ẹnìkejì, onítọ̀hún á sọ ọ́ láìbojú wẹ̀yìn. Bí ohun tó sọ bá tọ̀nà, ẹni tó kọ ọ́ á lọ bá ẹlòmíràn.

Ni ìka tútù kan bá kàn mí lẹ́yìn. Ó kọ lẹ́tà kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò. Àdùkẹ́ nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, kí ni?"

Mo ní, "B ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá olódo!"

Ìka náà tún un kọ. Mo tún ṣì í sọ. Ọmọbìnrin kan wò kọjá èjìká mi, ó ní, "Ìyá, Bàbá mọ̀ ọ́n o. Wọn ò kàn fẹ́ kí ẹ lọ ni."

Ìka náà dúró gbọin. Mo bá jí.

Ẹ̀yìn mi ṣì tutù, Àlàó. Ọmọ mi gbé omi gbígbóná wá kí n fi wẹ̀, mo ní kó gbé e padà.