Oríkì Èṣùbíyì ní Ogbe

Àlùfáà ìjọ, ó sì ń jẹ́ Èṣùbíyì! Wọ́n ní kó pa orúkọ náà dà, ó ní ẹni tó sọ òun bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ òun. Bàbá tó bí bàbá àgbà Ṣèyíọlá nìyẹn, ìrìn àjò rẹ̀ sì ni Ṣèyíọlá ń tọpa kiri. Ó mọ̀ pé Òǹdó ni wọ́n ti rán an wá wàásù ní Benin, ó mọ̀ pé ó padà sílé lójijì. Ohun tó ṣe láàárín méjèèjì, ẹbí ò fẹ́ sọ ọ́. "Jẹ́ kí òkú ọ̀run sinmi, ọmọ yìí," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. Ṣùgbọ́n àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, ẹ kúkú mọ̀.

Báǹkì ni Ṣèyíọlá ń bá ṣiṣẹ́ ní Benin. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní 2009, Ẹfosa, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, mú un lọ kí ìyá àgbà rẹ̀ ní àdúgbò Ogbe, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn. Bó ṣe kúnlẹ̀ kí màmá tán, kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ní kí Ẹfosa bá òun bi màmá bóyá ó gbúròó àlùfáà Yorùbá kankan láyé àtijọ́.

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní pásítọ̀ Yorùbá ni bàbá òun gan-an. Ó lọ sílé, kò padà mọ́. Òun ò gbọ́ Yorùbá, ohun tó fi ń rẹ òun lẹ́kún nìkan ló kù lẹ́nu òun.

"Ọmọ odò tó ṣàn kọjá láàfin, tí ò yà kí ọba..."

Ṣèyíọlá gbójú sókè. Oríkì tí bàbá rẹ̀ fi ń jí i nìyẹn, kò sí ìdílé mìíràn tó ń jẹ́ ẹ. Yéè! Ìbátan kì í fẹ́ra, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́? Ẹfosa ò gbọ́ Yorùbá, màmá ò mọ ohun tó ń sọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Màmá tún un kì, ó dé ibi kan, ó dúró. Ó ní ibẹ̀ ló ti máa ń sọnù mọ́ òun lẹ́nu láti kékeré. Òun ti bi gbogbo Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Oliha, kò sẹ́ni tó mọ ìyókù. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"...ọba ló fẹsẹ̀ rìn wá kí i létí omi." Ẹnu Ṣèyíọlá ti parí rẹ̀ kó tó fọwọ́ bò ó.

Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jù ú sílẹ̀. Ẹfosa ń wò wọ́n, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" ni Ẹfosa bi í.