Yàrá Tí Zouléha Gbà ní Bassila

Orí tí Zouléha ti dì ní Bassila kò lóǹkà, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò gbé tirẹ̀ lé. Onídìrí ni, ọmọ Manigri. Inú ìsọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì náà ló ń sùn, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí lọ́sàn-án. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, dígí ara ògiri á máa gbọ̀n, òun náà á máa gbọ̀n.

Yàrá ṣófo kan wà nílé Àlàájì Yáyà. Zouléha lọ bá a. Àlàájì bi í pé níbo ni ìwé owó-oṣù rẹ̀ wà, irú èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń mú wá.

"Àlàájì, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mò ń ṣe. Ta ni yóò fún mi níwèé?"

"Nígbà náà, kí bàbá rẹ wá fà ọ́ lé mi lọ́wọ́. Èmi kì í gba ẹni tí n kò mọ orírun rẹ̀."

Ẹ ò rí ọ̀ràn! Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ́ ara rẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú bàbá wá, bí ọmọ tó jà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ó wu Zouléha kó ní ilẹ̀kùn tí yóò máa tì fúnra rẹ̀. Ó gun alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì, ó dorí kọ Manigri.

Oko ló bá Chitou, bàbá rẹ̀, tó ń kọ ebè. Bàbá kò tilẹ̀ gbórí sókè.

"Ọmọbìnrin tó bá kúrò nílé bàbá rẹ̀, ilé ọkọ ló ń lọ. Tí o bá gba yàrá ní Bassila, kà mí mọ́ òkú."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Zouléha fi ìbínú padà sí Bassila. Nígbà tí Àlàájì bi í pé bàbá ńkọ́, ó ní, "Bàbá mi ti kú." Àbí kí ló tún fẹ́ sọ? Ohun tí bàbá ní kó ṣe ló ṣáà ṣe! Àánú ṣe Àlàájì. Ó ní òun kò ní lé ọmọ òrukàn, ojú ẹsẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Zouléha ra ẹní, ó ra ìkòkò kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni inú rẹ̀ fi dùn. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí èèyàn ń dá tì, òun náà ni yóò máa dá ṣí i. Kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀. Ó ń se oúnjẹ ẹnì kan, ó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Àìmọye ìgbà ló ti gbé nọ́ńbà bàbá rẹ̀ sójú fóònù, tí yóò tún pa á. Báwo ni wọ́n ṣe ń pe òkú?

Ìgbà iṣu titun dé. Wọ́n kó o jọ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, kò rà. Nílé Chitou, ọmọ kankan kì í fi iṣu titun kan ẹnu títí bàbá yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Gbogbo Bassila ń jẹ iṣu titun, Zouléha ń jẹ gàrí. Ẹ lè pè é ní agídí. Èmi mọ̀ pé ó ń retí ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tibi iṣẹ́ dé, ó bá àpò iṣu lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Wọ́n ta okùn ẹnu àpò náà ní kókó mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń ta kókó mẹ́ta sẹ́nu àpò.

"Ọmọ mi, àlejò wá láti Manigri," Àlàájì wí láti orí ẹní rẹ̀. "Bàbá àgbà kan. Ó ní òun ń wá ọmọ Chitou tó ń dirí. Mo ní, 'Háà, ọmọ òrukàn yẹn! Ikú bàbá rẹ̀ dùn mí.' Ó kàn ń wò mí. Mo ní ká ṣe àdúà fún olóògbé. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì í, ó ní àmín. Mo ní kí ọmọ tó fi sílẹ̀ má jìyà, ó ní àmín, àmín, àmín. Èèyàn rere ni."

"Ṣé ó sọ orúkọ rẹ̀?"

"Mo bi í. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹni tó sin bàbá rẹ ni òun."

Zouléha jókòó ti àpò iṣu náà. Ọ̀rọ̀ ń yí lẹ́nu rẹ̀ pé bàbá mi ni, bàbá mi ló wá. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, òpùrọ́ ló dà yẹn, yàrá bọ́, ó di orí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó se iṣu. Ó bu ti Àlàájì sínú àwo, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Àlàájì tọ́ ọ wò, ó mirí.

"Iṣu yìí mà dùn o! Bàbá rẹ ì bá wà láyé, ì bá jẹ nínú rẹ̀." Ó gbé àwo sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Kí Ọlọ́run tẹ́ Chitou sí afẹ́fẹ́ rere."

Zouléha wo kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ etí ìró rẹ̀. Òun náà tẹ́ ọwọ́.

"Àmín," ló wí.