Sọ̀wédowó Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Láàárọ̀ ọjọ́ tí sọ̀wédowó náà dé, Ìyá Òfin ti wọ bàtà tuntun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe bàtà ẹ̀ka báńkì kékeré bí èyí tó ń ṣe olórí rẹ̀. Bàtà olú ilé iṣẹ́ ni, níbi tí ilẹ̀ ti ń dán bíi dígí, tí gìgísẹ̀ obìnrin sì gbọ́dọ̀ dún kó, kó, kó, kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni ńlá ń bọ̀. Àyè ọ̀gá tó ń yẹ ìwé owó wò ṣófo níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òun ló kàn, Alága báńkì fúnra rẹ̀ sì ti sọ fún un lórí fóònù pé kó máa múra. Ó ti múra. Bàtà náà há díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní í kọ ìgbéga nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀?

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Òfin, wọ́n rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Bí oníbàárà bá kọ déètì lódì, bàbá tó bí i lọ́mọ ni ì báà jẹ́, yóò tún un kọ. Ọkọ rẹ̀ a tilẹ̀ máa sọ fún àlejò pé nílé àwọn, bí òun bá fẹ́ bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, òun ní láti buwọ́ lùwé.

Ariwo ẹnu ọ̀nà ló mú un jáde. Ẹnu ọ̀nà báńkì náà jẹ́ irú èyí tó ń gba ènìyàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan: wàá wọ inú àpótí dígí, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn á padé, tiwájú á wá rò ó wò bóyá irin wà lára rẹ kó tó ṣí. Obìnrin àgbàlagbà kan ló wà nínú àpótí náà, ó di etí páálí funfun kan mú. Ìyókù páálí náà wà níta, ó gùn ju ìlẹ̀kùn ilé lọ, káfíńtà kan sì rù ú bí ẹni ru pákó. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kò lè padé nítorí páálí. Tiwájú sì ti búra pé òun ò ní ṣí àfi bí tẹ̀yìn bá padé.

Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n ká páálí náà. Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀.

“Ọmọ mi, owó òrùlé ni. Bí a bá ká a, apá ibo lo fẹ́ kó máa jò?”

Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà mú páálí náà wọlé nígbẹ̀yìn, káfíńtà ń tì í láti ìta, àwọn oníbàárà ń fà á nínú, oníkálukú ń pàṣẹ, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì. Ìgbà tí wọ́n fi í ti káńtà tán ni Ìyá Òfin tó dá a mọ̀. Ó ti rí i nínú ìwé ìròyìn, níwájú àyà Alága.

Nọ́ọ̀sì Àgbà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn ló ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan, nínú ilé ńlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ilé náà dára, àfi pé òjò pẹ̀lú ń gbé ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Alága kó àwọn oníròyìn lọ síbẹ̀, ó ní òun máa tún òrùlé náà ṣe.

Afúnni-má-wẹ̀yìn ni orúkọ tí Alága fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun, òtítọ́ sì ni orúkọ náà. Bí ó bá ti fúnni tán, tí wọ́n ya fọ́tò tán, kì í wẹ̀yìn wò bóyá owó ọ̀hún dé. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń retí àga lọ́dọ̀ rẹ̀. Kòtò kan wà tó ń retí àtidi kànga. Ṣùgbọ́n ti ilé àwọn arúgbó yìí, ó fẹ́ kó pabanbarì. Ó ya ojú ewé kan nínú ìwé sọ̀wédowó ara rẹ̀, ó fún atẹ̀wé pé kó sọ ọ́ di gbàgàdà, kó má baà dà bí ohun ìṣeré. Ohun tí a bá fún atẹ̀wé ló ń tẹ̀. Ó tẹ orúkọ báńkì, ó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì Alága, kò fo ẹyọ kan. Lójú èrò ni Alága wá fi kálàmù ńlá buwọ́ lù ú, ó fa ìrù ìbuwọ́lù náà títí ó fi kan igun páálí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà gbé e kọ́ ògiri, ó ń retí. Nígbà tí òjò dé tí owó kò dé, ó fi ọ̀rá wé e dáadáa, ó tẹ́ ẹ sókè bẹ́ẹ̀dì bàbá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò jù. Sọ̀wédowó náà ti ń ṣiṣẹ́ òrùlé kó tó di owó. Ọkọ ọmọ rẹ̀, ìyẹn káfíńtà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ níbi iṣẹ́ pé sọ̀wédowó tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà ti kú, ló bá sáré wá sọ fún un.

Kaṣíà tó wà ní káńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ti fọ́tò nìyẹn, màmá. Nọ́ọ̀sì Àgbà bi í bóyá òrùlé fọ́tò ló wà lórí ilé tirẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti yí ojú padà, kaṣíà ló kọjú sí.

Ìyá Òfin kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́wọ́ aránṣọ. Déètì wà, kò tíì kú. Orúkọ ẹni tó máa gbà á wà. Iye tí wọ́n fi lẹ́tà kọ bá èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ mu. Ìbuwọ́lù kì í ṣe títẹ̀. Tádàwà gidi ni, ti Alága ni, ẹlòmíì ò sì lè ṣe irú ìrù bẹ́ẹ̀. Ó lọ mú ìwé òfin báńkì, ó wá gbogbo ibẹ̀ bóyá wọ́n sọ bí sọ̀wédowó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi mọ. Kò sí. Ọlọ́run sì mọ̀ pé tọkàntọkàn ló fi wá a, nítorí bàtà tuntun rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì.

Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ láàárín àga àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní Olúwa, O mọ̀ pé èmi ò wá ìjà. Bí O bá fẹ́ kí n san án, fi àmì hàn mí. Bí O ò bá fẹ́, inú mi á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó la ojú, bàtà tuntun ló ń wò ó, ó ń dán yinrin. Ó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àmì. Ìdánwò ni.

Ló bá pe Alága. Alága rẹ́rìn-ín ju kaṣíà lọ. Ó ní kí wọ́n fún ìyá náà ní kàlẹ́ńdà báńkì, kí wọ́n fi agboòjò kan sí i, òjò kúkú lọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín kò ti ọ̀dọ̀ kejì wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀: ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí àyè tó ṣófo yẹn, kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí iná ara rẹ̀.

Ìyá Òfin ṣí ìwé òfin síwájú ara rẹ̀.

“Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró, sà. Ẹ kàn máa kọ lẹ́tà pé kí a má san owó tí ẹ fún àwọn arúgbó, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Èmi á wá ka ìdí rẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá. Òfin wa ni.”

“Kà á níbo?”

“Ní káńtà, sà. Èrò pọ̀ lórí ìlà lónìí.”

Alága ní òun ń bọ̀. Ìyá Òfin gbé fóònù sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti bàtà tuntun náà wọ ìsàlẹ̀ tábìlì lọ pátápátá, bí ẹni ń sin nǹkan.

Àpótí dígí kò mọ Alága rí. Ó ní irin wà lára rẹ̀. Alága bọ́ aago, irin wà síbẹ̀. Ó kó kọ́kọ́rọ́ jáde, ó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, irin ṣì wà. Ẹ̀ṣọ́ tọrọ àforíjì, ó ní ó jọ pé bẹ́líìtì ni, sà. Báyìí ni olówó ńlá ṣe wọ báńkì ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú, etí lẹ́tà funfun kan sì yọ lápò àyà rẹ̀. Ìyá Òfin rí lẹ́tà náà. Alága ti kọ ọ́ nínú mọ́tò, pé kí wọ́n má san án.

Kí Alága tó la ẹnu, Nọ́ọ̀sì Àgbà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé:

“Afúnni-má-wẹ̀yìn, ọkọ owó!
Ọwọ́ tí kò mọ ìdì, àfi tó bá di aláìní mú.
Òjò ń rọ̀, ó ní kó má pa arúgbó.
Ẹlòmíì ṣèlérí, ó sá pamọ́ sílé;
tìrẹ kò jọ tiwọn, o di ṣòkòtò mú, o sáré wá sanwó!”

Báńkì dà rú. Àwọn tó wà lórí ìlà ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn ń fi bẹ́líìtì Alága lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bá orin náà lọ. Orí Alága ń wú, èèyàn ń fojú rí i. Ó na ọwọ́ sí lẹ́tà, Nọ́ọ̀sì Àgbà tún fi ìlà kan sí i. Ó yọ lẹ́tà jáde, àwọn èèyàn hó. Ó wo lẹ́tà, ó wo èrò, ó wo Ìyá Òfin tó dúró gbọnyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, tí kò pàtẹ́wọ́. Ó wá fi lẹ́tà náà nu òógùn ojú rẹ̀, ó rún un sápò.

“Kí lẹ ń wò?” ni ó wí. “Ẹ san án.”

Ìyá Òfin fi òǹtẹ̀ lù ú fúnra rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà dà bí èèrà lára ògiri. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Àgbà dìde nílẹ̀, Ìyá Òfin rí ojú rẹ̀ dáadáa: ó gbẹ, ó sì balẹ̀, bí ojú ẹni tó ti ń gún àwọn aláìsàn tó ń ké ní abẹ́rẹ́ látìgbà èwe.

Ọjọ́ Ajé dé, ó kọjá, fóònù kò dún. Ìyá Òfin gbé bàtà tuntun náà bọ̀ wálé, àbúrò rẹ̀ tó wá kí wọn sì mú un lọ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kéré. Ọkọ Ìyá Òfin bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì láìbuwọ́ lùwé, ìyàwó rẹ̀ kò sì bá a wí, ìgbà náà ni ọkọ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú eegun.

Káfíńtà ti gun òrùlé nígbà tí Alága pè.

“Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo rò ó. Bí èmi tí mo ni owó kò bá rí owó mi yọ lábẹ́ ọwọ́ ẹ, olè wo ló máa rí i yọ? Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní olú ilé iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ìyá Òfin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rántí bàtà rẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í bóyá òun lè kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ń retí àga, nítorí òun gbọ́ pé wọ́n ṣì fi páálí tiwọn pamọ́ dáadáa.

Alága mí kanlẹ̀.

“Kí wọ́n máa gbé e bọ̀,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ojú fèrèsé.”