Rúlà Aránṣọ

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo gé ìwé ìṣirò rẹ, àti pé o purọ́," ni olùkọ́ wí, ó sì ti bébà síwájú ọmọ náà. "Bí o ò bá kọ ọ́, má wá mọ́ láti ọ̀la."

Láti ẹnu ọ̀nà ni inú ti ń bí aránṣọ, ìyá ọmọ náà. Wọ́n ní kó máa bọ̀ kíákíá, ó sì fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ láì tíì rán an tán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tín-ínrín. Ìwé náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo kíláàsì ló rí Abẹ́rẹ́ nígbà tó ń gé e. Abẹ́rẹ́ ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Olùkọ́ ka ẹ̀sùn sílẹ̀. Wọ́n á pe ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dáhùn. Á kàn máa wo ògiri. Tí agogo bá lù, á wá máa bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n kọ́ àwọn.

"Oríkunkun ni, màmá. Ẹ̀yin lẹ kẹ́ ẹ bà jẹ́."

"Ẹ má pe ọmọ mi ní òpùrọ́," ni aránṣọ wí. "Mo mọ̀ ọ́n tó bá ń purọ́. Ẹ̀rín kì í jẹ́ kó parí rẹ̀."

Olùkọ́ gbé rúlà onígi gígùn, ó fi lu tábìlì, gbàà.

Aránṣọ ta gìrì. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ wá etí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra á, síwá, sẹ́yìn.

Aránṣọ mọ etí aṣọ yẹn. Kò sí aṣọ Abẹ́rẹ́ tí apá ibẹ̀ ò ti já, ó sì ti bá a wí títí ó fi sú u. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ náà máa ń jókòó tó bá ti ilé-ìwé dé. Ìdí tábìlì yẹn kan náà ni òun àti ọkọ òun ti máa ń jà. Ọkọ rẹ̀ kì í pariwo. Òun ló ń pariwo. Òun ló ń fi rúlà lu tábìlì.

Ìbínú tó gbé wá yí padà, ó sì kojú òun fúnra rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó rọra di ọwọ́ kékeré náà mú. Ó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ojú náà fi padà sí ojú rẹ̀.

"Màámi," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ìgbà wo lẹ dé?"

Olùkọ́ fi rúlà náà sílẹ̀.

"Kò ní kọ nǹkan kan," ni aránṣọ wí. "Kò purọ́, kò mọ̀ nígbà tó ń ṣe é ni. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ. Ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé fún un. Ẹ kọ iye ìgbà tẹ́ ẹ rí i báyìí, àti ohun tẹ́ ẹ ṣe kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má gbàgbé rúlà yín."

Lẹ́yìn náà, ó yí bébà náà padà, ó mú bírò. Ó ní òun náà máa kọ tòun. Rúlà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ kọ síbẹ̀.