Ọjọ́ Tí Oòrùn Se Ẹ̀wà Wa

Wẹ́dà ni ọkọ mi. Òun ló mú díìṣì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan, tó lẹ àfọ́kù dígí mọ́ inú ẹ̀ yíká, tó sì jó irin sí i láàárín kí ìkòkò lè rí ibi jókòó. Láti ìgbà náà, oòrùn ló ń se oúnjẹ wa lẹ́yìnkùlé. Òfin kan péré ló fún mi: "Tó o bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, fi aṣọ bo dígí yẹn kó o tó yíjú. Oòrùn ò mọ̀ pé ẹ̀wà ti jinná."

Aránṣọ ni mí, ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ, mi ò sì lè fojú rí aṣọ tó dọ̀tí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fọ aṣọ tá a fi ń bo dígí, mo sá a. Kò tíì gbẹ tí ẹ̀wà fi jinná. Mo ní, ìṣẹ́jú mélòó ni? Mo gbé ìkòkò, mo wọlé lọ sídìí ẹ̀rọ mi, torí oníbàárà kan ti ń fajúro nítorí búláòsì ẹ̀.

Màmá mi wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó di ọdún kejì tí iyè wọn ti ra. Bí wọ́n bá rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, wọ́n á jáde, àwa á sì máa wá wọn kiri títì. Mo wá máa ń tì wọ́n mọ́lé, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́rùn mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn. "Onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo fẹ́ lọ bá ọmọ mi."

Wọ́n kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn náà, wọ́n kàn án gan-an. Inú bí mi. Mi ò tiẹ̀ dìde. "Màmá, ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ mi." Mo tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kí ariwo ẹ̀ lè bo tiwọn. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbóòórùn. Mo rò pé ẹ̀wà ló ń jó, mo wá rántí pé mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Àtàárọ̀ ni mo ti ń sún díìṣì tẹ̀lé oòrùn, mo sì ti sún un dé abẹ́ fèrèsé màmá mi láìfura. Atẹ́gùn a sì máa fẹ́ kọ́tìnì wọn síta, síbi tí dígí ń kó oòrùn jọ sí gan-an.

Mo ní kí oníbàárà lọ dojú díìṣì délẹ̀. Èéfín ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, kò wọ ihò bọ̀rọ̀. Mo ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kò tíì tán lára mi.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àjókù kọ́tìnì ló wà nílẹ̀, ó tutù rinrin, póò ìtọ̀ wọn dojú dé lórí ẹ̀. Màmá mi jókòó sí igun yàrá, wọ́n ń wúkọ́, awọ ọwọ́ ọ̀tún wọn ti bó. Wọ́n wò mí lójú, wọn ò pè mí ní onílé.

"Mo kanlẹ̀kùn," wọ́n ní. "O ò gbọ́ ni, ọmọ mi?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ìtọ̀ tí wọ́n fi paná yẹn. "Mo gbọ́, Màmá. Mo gbọ́."