Abẹ́rẹ́ Omi Iyọ̀

Omi iyọ̀ ni wọ́n gún sí onígbàjámọ̀ kan lápá, òun gbà pé àjẹsára ni, ó sì kó ikọ́ ran bàbá tó bí i.

Nítorí bàbá yìí náà ló ṣe lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Bíríkìlà ni Bàbá nígbà tó lágbára. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀fìnkìn tó ń ṣe ẹlòmíràn bí eré lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí onígbàjámọ̀ gbọ́ pé àwọn kan ń dán àjẹsára ikọ́ wò, pé wọ́n ń wá àwọn tí ara wọn le tí wọ́n máa gún, kí wọ́n tó wá mọ̀ọ́mọ̀ kán kòkòrò àrùn sí wọn nímú, ó ní òun nìyí.

Dókítà pè wọ́n ní akọni. Ì bá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Nọ́ọ̀sì ló sojú abẹ níkòó: àwọn kan máa gba àjẹsára, àwọn kan máa gba omi iyọ̀ lásán, kò sí ẹni tó máa mọ tirẹ̀ títí ìwádìí á fi parí, kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Onígbàjámọ̀ ń mi orí. Orí ló mì, etí ò gbọ́.

Wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá, kálukú pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti fèrèsé tí kì í ṣí. Wọ́n kán kòkòrò náà sí wọn nímú. Òun kò tilẹ̀ sín. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ń wúkọ́ bí ajá tí egungun há lọ́fun, òun ń jẹ, ó ń sùn. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn, pé kòkòrò náà kì í mú àwọn míì, wọn ì báà gún wọn tàbí kí wọ́n má gún wọn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ ilé, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ròyìn, àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Irin. Ó sì ń jẹ́ ẹ.

Kò pẹ́ tí ọ̀fìnkìn mú un. Ó ní irun tó ń fò ní ṣọ́ọ̀bù ló kó sí òun nímú. Ìyàwó rẹ̀ ní kó má wọ yàrá Bàbá, pé òun á máa gbé oúnjẹ wọlé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí wọ́n kán àrùn sí nímú tí kò mú, ṣé ọ̀fìnkìn ṣọ́ọ̀bù ló máa wá mú un?"

"Irin náà máa ń dípẹtà, ọkọ mi."

Ó wọlé. Ó jókòó ti Bàbá, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní àràárọ̀, ó ń wúkọ́ sí èjìká ara rẹ̀. Bàbá bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Ó ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀, wọ́n ti gún òun.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi rọ́bà ọ́síjìn sí Bàbá nímú. Onígbàjámọ̀ sáré lọ bá nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ló yẹ kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìwádìí ti parí nígbà náà.

"Bọ̀dá, omi iyọ̀ ni tiyín."

Bàbá kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún òkú rẹ̀ ṣe, onígbàjámọ̀ gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ìyá rẹ̀ dìde, ó dí ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo, kò bú u.

"Ọwọ́ yẹn ti ṣe tó, ọmọ mi."

Onígbàjámọ̀ àdúgbò kejì ni wọ́n pè. Abẹ tirẹ̀ kì í mú. Ó fi irun sílẹ̀ káàkiri àgbọ̀n Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín.